Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Nọ́ńbà 2,147,483,647

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú: mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tún àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Nọ́ńbà kan náà ló ń bá mi pàdé lẹ́nu iṣẹ́ méjèèjì. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ a rí i nínú ìwé orúkọ wọn, wọn a rò pé àwọn oníjìbìtì ti wọlé. Àwọn ọmọ lẹ́sìn a rí i lórí fóònù, wọn a ní kí n sọ ohun tó fi ṣe pàtàkì. Ìdí tó fi ń yọjú nínú kọ̀ǹpútà àti ìdí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń gbé e gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú.

Tíṣà, kí ló dé tí nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa fi di 2147483647?

Ẹ má pe ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yín ló fi nọ́ńbà fóònù sí àyè tí kò gbà á. Nínú dátábéèsì bíi MySQL, àyè kan wà tí wọ́n ń pè ní INT; 2147483647 ni nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè wọ ibẹ̀. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká tiwa, tí a bá yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò, díjíìtì mẹ́wàá ló kù, 7, 8 tàbí 9 ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti ju bílíọ̀nù méje lọ. Bí wọn kò bá tò dátábéèsì náà kó má ṣe gba ohun tó bá pọ̀ jù, kò ní pariwo rárá: á gé nọ́ńbà náà wá sí ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn náà ni yóò sì tọ́jú. Bí ìyá ẹlẹ́ja ní Èbúté, olùkọ́ ní Ìgbógbó àti awakọ̀ ní Sábó ṣe di ẹni tó ń lo fóònù kan ṣoṣo nìyẹn.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye. A kì í rò ó pọ̀, a kì í yọ nǹkan nínú rẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀, sínú àyè tí wọ́n ń pè ní VARCHAR, òdo iwájú náà kò sì ní sọnù. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ṣe é gbà padà láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ wá fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ kọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ sí i, torí 214 wà lára àwọn nọ́ńbà tí fóònù ìlú Dallas fi ń bẹ̀rẹ̀. 214-748-3647 jọ nọ́ńbà ènìyàn gidi lójú ẹni tó ń kà á, àṣìṣe náà sì lè pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó fura.

Báwo la ṣe ń pè é ní Yorùbá?

Bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ lè mí báyìí.

Kí ló dé tí kì í ṣe bílíọ̀nù méjì géérégé ni wọ́n mú? Ta ló yan iye gbágungbàgun bẹ́ẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò yàn án. Ẹ mú káàdì alájọ, irú èyí tó ní àpótí 31, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Ká ní ẹ dá náírà 1 lọ́jọ́ kìíní, 2 lọ́jọ́ kejì, 4 lọ́jọ́ kẹta, tí ẹ sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, 512 ni ẹ máa dá. Kò tíì dun ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kọkànlélógún, 1,048,576 ni. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, owó ọjọ́ yẹn nìkan jẹ́ 1,073,741,824. Tí ẹ bá wá ro gbogbo àpótí náà pọ̀, ẹ máa bá 2,147,483,647 náírà pàdé. (Alájọ tó bá ṣèlérí pé owó ọjọ́ kìíní nìkan lòun máa mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ òun, náírà kan ló máa gbé lọ sílé. Ẹ rọra jẹ́ kó gbà.)

Òfin tó wà níbẹ̀ rọrùn: àròpọ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti dá títí di òní kì í tó owó tọ̀la, ẹyọ kan ló fi ń dín. 1 + 2 + 4 jẹ́ 7, owó ọjọ́ kẹrin sì jẹ́ 8. Nítorí náà àròpọ̀ ọjọ́ 31 ni 2³¹ (2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn) dín 1. Bí àwa Yorùbá ṣe ń ka mọ́kàndínlógún, tí a ń gba orí ogún lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yìí rọrùn láti mú: ẹ wo 2,147,483,648, kí ẹ yọ ẹyọ kan.

Ohun mìíràn tún wà nínú káàdì yẹn tí mo fẹ́ràn ju àròpọ̀ lọ. Bí ẹ bá lè fo ọjọ́ tó bá wù yín, kò sí iye kan láti 0 dé 2,147,483,647 tí ẹ kò lè dá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti dá a. Ẹ fẹ́ náírà 500? Ẹ dá ti ọjọ́ kẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án: 4 + 16 + 32 + 64 + 128 + 256. Kò sí ìtò mìíràn tó lè fún yín ní 500. Kọ̀ǹpútà kò ṣe ju èyí lọ. Ó ní àpótí 32 fún nọ́ńbà kan. Ó fi àkọ́kọ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà wà ní òdì tàbí kò sí, ó sì fi 31 yòókù kọ iye. Nígbà tí gbogbo 31 bá kún, ó ti dé góńgó. Kọ̀ǹpútà tó ní àpótí 32 kò bìkítà bóyá nọ́ńbà náà ní ìwà kankan lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ẹyọ kan kún un?

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo àpótí 31 á ṣófo, àpótí àmì òdì á kún, iye tó sì máa jáde ni −2,147,483,648. Láti orí ọlà dé inú gbèsè ní ìṣísẹ̀ kan. Dátábéèsì tí mo sọ lókè kì í yí bẹ́ẹ̀, gígé ló máa ń gé; ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi, ẹ fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ áàpù ìsanwó ní orílẹ̀-èdè yìí ni kì í ka náírà, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà, kí wàhálà ìdá náírà má bàa wà. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi kọ́bọ̀ sínú àpótí 32, owó tó pọ̀ jù tó lè wọlé ni ₦21,474,836.47. Nígbà tí wọ́n ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, owó ńlá ni mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ilẹ̀ kan péré ní Ìkòròdú lè gbé ẹgbẹ́ kọjá ibẹ̀ báyìí. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwíà yín léèrè kó tó di ọjọ́ ìpàdé ọlọ́dọọdún.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́dún 2014, iye ìgbà tí wọ́n ti wo fídíò orin kan láti Gúúsù Kòríà lórí YouTube kọjá iye yìí, àwọn YouTube sì ní láti sọ òǹkà wọn di ti àpótí 64. Góńgó tuntun náà ni 9,223,372,036,854,775,807.

Ṣé òótọ́ ni pé fóònù gbogbo máa kú lọ́dún 2038?

Rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń mọ aago nípa kíka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Èyí tó ń fi àpótí 32 kà á máa dé 2,147,483,647 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kìíní ọdún 2038, ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú àáyá méje, aago Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà, ó máa rò pé òun ti wà ní oṣù kejìlá ọdún 1901. Fóònù tuntun àti kọ̀ǹpútà tuntun ti ń lo àpótí 64, ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n kàn sára ògiri tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ọmọ mi ní práìmù ni. Kí nìyẹn?

Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. 7 jẹ́ práìmù. 9 kì í ṣe é, torí 3 pín in. Ọmọ yín gbà á: 2,147,483,647 jẹ́ práìmù. Tí a bá to gbogbo práìmù tẹ̀ léra láti orí 2, òun ni yóò bọ́ sí ipò 105,097,565. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni 2,147,483,629, èyí tó tẹ̀ lé e ni 2,147,483,659.

Ohun tí mo ń sọ níbẹ̀rẹ̀ wá dé nìyí. Pé àpótí 31 kún kò sọ nọ́ńbà di práìmù. Àpótí 30 tó kún jẹ́ 1,073,741,823, 3 sì pín in. Àpótí 32 tó kún jẹ́ 4,294,967,295. 5 pín in, ẹ wo díjíìtì ìkẹyìn rẹ̀. Orí ló ta fún 31.

Ta ló wá mọ̀ pé kò sí ohun tó pín in? Ta ló gbìyànjú gbogbo rẹ̀ wò?

Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń gbé ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kò sí ẹ̀rọ ìṣirò kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan máa fẹ́ fi gbogbo nọ́ńbà láti 2 lọ pín in. Kò pọn dandan. Bí nọ́ńbà kan bá jẹ́ a × b, ọ̀kan nínú a àti b kò lè ju gbòǹgbò nọ́ńbà náà lọ, ìyẹn iye tó máa fún wa ní nọ́ńbà náà bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀. 46,340 × 46,340 jẹ́ 2,147,395,600. 46,341 × 46,341 ti kọjá nọ́ńbà wa. Nítorí náà kò sí ìdí láti wá kọjá 46,340. Práìmù nìkan ló sì yẹ kí a fi dán an wò. Práìmù 4,792 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ṣì pọ̀ fún ẹni tó ń fi orí ṣe é.

Ibi tí Euler ti gbọ́n nìyí. Ó mọ̀ pé bí práìmù p bá pín 2³¹ − 1 dọ́gba, a jẹ́ pé 31 gbọ́dọ̀ pín p − 1. p kò sì lè jẹ́ nọ́ńbà tí 2 pín, nítorí náà 62 ló máa pín p − 1. Lẹ́yìn èyí, irú p bẹ́ẹ̀ tí a bá fi 8 pín, 1 tàbí 7 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ pa òfin méjèèjì pọ̀: tí a bá fi 248 pín p, 1 tàbí 63 ni àṣẹ́kù, kò sí òmíràn. Àwọn nọ́ńbà tó ní irú àṣẹ́kù yẹn tí wọn kò ju 46,340 lọ, tí a bá yọ 1 àti 63 fúnra rẹ̀, jẹ́ 372 péré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni kì í ṣe práìmù. Práìmù àkọ́kọ́ tó yẹ fún ìdánwò ni 311: ẹ pín in, 35 ló máa ṣẹ́kù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pín in láìṣẹ́kù. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ lẹ́sìn pé ìṣirò kì í ṣe agídí, wíwá ohun tí kò pọn dandan kéèyàn ṣe ni. Wọn kì í gbà mí gbọ́ títí wọn á fi rí 372 yẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni práìmù tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lọ́dún 1867, Landry, ará Faransé, rí èyí tó tóbi jù ú lọ, 3,203,431,780,337.

Ta ni Mersenne tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ ọn?

Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé. Práìmù tó bá jẹ́ 2 tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra rẹ̀ léraléra, ó dín kan, bíi 3, 7, 31, 127, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, tiwa sì ni ìkẹjọ nínú wọn. Kí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ práìmù, iye àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ práìmù. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Àpótí 11 tó kún jẹ́ 2,047, ìyẹn 23 × 89. Lọ́dún 1644, Mersenne to àwọn iye àpótí tó gbà pé ó ń bí práìmù dé orí 257. Ó gba 31. Ó ṣi 67 àti 257 mú, ó sì gbàgbé 61, 89 àti 107. Ti 67 ló dùn jù láti gbọ́: lọ́dún 1903, Frank Nelson Cole dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ṣírò 2⁶⁷ − 1 sára pátákó, ó tún sọ 193,707,721 di púpọ̀ mọ́ 761,838,257,287 lápá kejì, èsì méjèèjì dọ́gba, ó sì lọ jókòó.

31 fúnra rẹ̀ tún jẹ́ 2⁵ − 1, ìyẹn ni pé nọ́ńbà wa jẹ́ Mersenne tí Mersenne bí. Mẹ́rin péré ni a mọ̀ nínú irú wọn: 7, 127, 2,147,483,647 àti 2¹²⁷ − 1.

Ṣé ó ṣì wà lára àwọn tó tóbi?

Kékeré ni báyìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n kéde 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tó ní díjíìtì 41,024,320.

Kí ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ohun tó kù lẹ́yìn tí alájọ bá mú náírà kan rẹ̀, 2,147,483,646, jẹ́ 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Nọ́ńbà 192 ló lè pín in dọ́gba. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ 7 lè pín in, ẹlẹ́gbẹ́ 11, ẹlẹ́gbẹ́ 18, ẹlẹ́gbẹ́ 31, láìsí ìjà. 31 kò sì ṣèèṣì wà níbẹ̀: bí p bá ti jẹ́ práìmù, p máa ń pín 2ᵖ − 2. Apá kejì, 2,147,483,648, jẹ́ 2 nìkan tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra rẹ̀, nọ́ńbà 32 ló pín in. Láàárín àwọn méjì yìí ni práìmù wa dúró sí, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pín òun.

Kí ni nọ́ńbà pípé, kí ló sì kàn án?

Nọ́ńbà pípé ni èyí tí àròpọ̀ àwọn tó pín in, láìka òun fúnra rẹ̀, jẹ́ òun gan-an. 6 jẹ́ 1 + 2 + 3. 28 jẹ́ 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Láti ayé Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, ni wọ́n ti mọ̀ pé práìmù Mersenne kọ̀ọ̀kan ń bí ọ̀kan. Ẹ sọ tiwa di púpọ̀ mọ́ 2³⁰, ìyẹn owó ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n lórí káàdì, ẹ ó rí 2,305,843,008,139,952,128, nọ́ńbà pípé ìkẹjọ. Ẹ tún lè dé ibẹ̀ lọ́nà mìíràn: 1³ + 3³ + 5³, títí dé 65,535³. (28 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: 1 + 27.)

Lọ́dún 1811, Peter Barlow ní Ìlú Ọba kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò ní sí nọ́ńbà pípé tí wọ́n máa rí tó máa tóbi ju èyí lọ, torí kò wúlò fún nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá a. Ó tọ́ pé kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò mọ ènìyàn. Lọ́dún 1876, Édouard Lucas fi hàn pé 2¹²⁷ − 1 jẹ́ práìmù, èyí tó bí nọ́ńbà pípé oní díjíìtì 77.

Wọ́n ní Ifá ti mọ nọ́ńbà yìí tipẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Apá kan rẹ̀ tọ̀nà. Odù kan ní àmì mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì. 2⁸ jẹ́ 256, ìdí nìyẹn tí odù fi pé 256. Ètò yìí àti ti kọ̀ǹpútà, ìṣirò kan náà ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Tí a bá to odù mẹ́rin tẹ̀ léra, àmì 32 ni, wọ́n sì lè jáde lọ́nà 4,294,967,296. Ẹ mú ìdajì rẹ̀, kí ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ odù kọ́ ni kíka bílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní ó wà nínú ẹsẹ Ifá, kó ki ẹsẹ náà ká gbọ́.

Ṣé mo lè fi ta lọ́tò?

Nọ́ńbà lọ́tò kì í kọjá 90.

Kí ni wọ́n ń fi jíjẹ́ práìmù rẹ̀ ṣe?

Wọ́n ń fi pèsè nọ́ńbà tó dà bí èyí tó ṣèèṣì jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ 16,807. Bí èsì bá ju 2,147,483,647 lọ, ẹ fi pín in, kí ẹ mú àṣẹ́kù. Ẹ máa ṣe é lọ: 16,807, lẹ́yìn náà 282,475,249, lẹ́yìn náà 1,622,650,073, lẹ́yìn náà 984,943,658. Nítorí pé práìmù ni, tí 16,807 sì yẹ fún un, gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 ló máa kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí 1 tó padà wá. Park àti Miller ló polongo ọ̀nà yìí lọ́dún 1988, ó sì wà nínú C++, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, dòní. Ẹ lè fi ṣe géèmù. Ẹ má fi ṣe PIN, torí ẹni tó bá ti rí ọ̀kan mọ gbogbo èyí tó ń bọ̀.

Kí lọmọ mi lè fi dánra wò lórí ìwé?

Ìdánwò Lucas àti Lehmer. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń dán wò pín in, ẹ mú àṣẹ́kù. Bí àpótí bá jẹ́ p, ìgbésẹ̀ p − 2 ni. Bí 0 bá jáde níkẹyìn, práìmù ni. Fún 31, tí àpótí rẹ̀ jẹ́ márùn-ún: 4, 14, 8, 0. Fún 127: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Fún nọ́ńbà wa, ìgbésẹ̀ 29 ni, ẹ̀rọ ìṣirò lásán kò ní gbà á. Kí ọmọ náà ṣe ti 2,047 fúnra rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni, bí kò bá ṣi ìyọkúrò kankan ṣe, 1,736 ló máa bá níparí.